Ọdún Mẹ́fà Tí A Fi Ń Múra

Ọdún 2017 ni àwa méjì kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu pé a óò dá iṣẹ́ tiwa sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ń gbé Ọ̀kà, èkejì ń gbé Ìkàrẹ́. Àkùngbá tó wà láàárín la ti máa ń pàdé lópin ọ̀sẹ̀, nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, kọ̀ǹpútà lórí itan. Ohun tí a fẹ́ ṣe kò le: ètò orí fóònù tí alájọ yóò fi máa kọ iye tí oníbàárà bá dá, tí oníbàárà náà yóò sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Ìyá kan tó ń gba àjọ lọ́jà Ìkàrẹ́ ló fún wa ní èrò yìí. Ìgbàkígbà tó bá rí wa, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ mi ńkọ́?" Àwa á ní, "Ó kù díẹ̀, Màmá."

Kí ló kù? A kọ́kọ́ ní ká kó owó jọ. Lẹ́yìn náà, a ní ó di ìgbà tí a bá rí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìforúkọsílẹ̀ ló kàn. Bẹ́ẹ̀ òfin ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí lóṣù Kẹjọ ọdún 2020 ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Àwa méjì la wà, a ṣì ń dúró. Ká sòótọ́, owó oṣù ló dùn mọ́ wa lẹ́nu. Ẹ̀rù ń bà wá láti fi í sílẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 wá dé, CBN pààrọ̀ owó, náírà bébà di ọ̀wọ́n gógó. Kóówá bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó àjọ ránṣẹ́ sínú àkáǹtì màmá. Ẹlòmíì á fi àkáǹtì ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́, ẹlòmíì á fi ti ọkọ. Orúkọ tó ń bá alert wọlé kò bá ti inú ìwé mu. Ni ìjà bá dé. Màmá fi owó ara rẹ̀ dí ohun tí wọ́n ní ó dín, ó sì pa ìwé dé. Ohun tí ètò wa ì bá yanjú gan-an nìyẹn.

Lóṣù Kẹfà ọdún náà, náírà já wálẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi 470 ré kọjá 700 kí oṣù tó parí. Dọ́là la ó fi máa san owó sáfà, náírà la sì kó pamọ́. Owó tí a kà sí ti ọdún kan kò ju ti oṣù mẹ́jọ lọ mọ́. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. À ń pa á lówe láti kékeré, a ò gbọ́ ọ.

Owó oṣù mẹ́jọ yẹn la fi bẹ̀rẹ̀, láìní ṣọ́ọ̀bù. A gbé fóònù lọ bá màmá nídìí ata tó ń tà báyìí. Ó wò ó títí, ó ní, "Ó mà dáa o. Ẹ lọ fi han àwọn tó ṣì ń gbàjọ."

Alájọ mẹ́ta ló ń lò ó ní Ọ̀kà báyìí. Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ kò sí nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ó kù díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹni tó ń dúró dè yín.