Àyìnkẹ́ Mi, Gbọ́ Ìtàn Wọn Ná

Àyìnkẹ́ mi,

Ṣé o ń jẹun? Bàbá rẹ ní kí n má fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, àmọ́ mo ti fi bẹ̀rẹ̀ ná. Ohùn rẹ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ohun tí o sọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe ọ̀gá níbi tí wọ́n ń kó oògùn pamọ́ sí. O kọ ìwé, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, pé ẹnikẹ́ni tó bá rí páálí tí omi wọ̀, tàbí oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, kó wá sọ. Gbogbo wọn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Títí di òní, kò sẹ́ni tó wá sọ nǹkan kan. O ní ọ̀lẹ ni wọ́n.

Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwọ náà lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́ nígbà tí a fẹ́ parí ọ̀rọ̀, bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan: awakọ̀ kan sọ fún ọ pé ọmọkùnrin kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ó rí páálí tó bàjẹ́, ó lọ sọ, wọ́n bá yọ owó páálí náà nínú owó oṣù rẹ̀. Àyìnkẹ́, òfin ibi iṣẹ́ yín nìyẹn. Èyí tí o lẹ̀ mọ́ ògiri, bébà ni.

Má tíì máa wádìí bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ níbẹ̀ lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n á ti sọ ọ́ fún un nídìí oúnjẹ ọ̀sán, òun náà á sì panu mọ́.

Ṣé o rántí bí o ṣe máa ń ka ara agolo wàrà sókè kí o tó jẹ́ kí n bù ú sínú ògì rẹ? Bàbá rẹ á máa rẹ́rìn-ín pé nọ́ọ̀sì kékeré ti dé. Ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ. Èmi náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Kò sí nọ́ọ̀sì tuntun tó máa ṣe iṣẹ́ alẹ́ àkọ́kọ́ tí ìyá yẹn kò ní pè jókòó. Á sọ ti ìgò oògùn méjì tó jọra, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tíréè, tí iná sì lọ. Á sọ èyí tí wọ́n fà sínú abẹ́rẹ́. Á dárúkọ ọmọ náà. Kò ní kìlọ̀, kò ní wàásù. Á kàn dìde, á lọ wo ọmọ tó ń sunkún.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà lọ, o ò ní gbé ìgò láìka ara rẹ̀ sókè, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwọ nìkan lo wà lóru. Kò sí i nínú ìwé òfin kankan. Mátíróònù wá, mátíróònù lọ, wọ́n pààrọ̀ tábìlì, wọ́n pààrọ̀ aṣọ iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò pa àṣà yẹn rẹ́.

O lè ní wọ́ọ̀dù kékeré nìyẹn. Ó dáa, wo NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oògùn àti oúnjẹ. Ọmọdé ni ọ́ nígbà tí Dora Akunyili di ọ̀gá níbẹ̀ ní 2001. Ayédèrú oògùn kún ìgboro nígbà náà débi pé àwa tí à ń gún abẹ́rẹ́ gan-an ń gbàdúrà sí i. Ìtàn tí obìnrin náà ń sọ káàkiri ni ti Vivian, àbúrò rẹ̀, tó ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, tó kú ní 1988 nítorí pé ayédèrú ni ìnsúlínì tí wọ́n fún un. Bí o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, tó sọ ìyẹn lójú rẹ láàárọ̀, báwo lo ṣe fẹ́ gba àpò owó lọ́wọ́ oníṣòwò lọ́sàn-án? Àwọn kan ṣì lè gbà á o. Ṣùgbọ́n wọ́n á mọ ohun tí wọ́n ń tà.

Èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tó wà ní PTF, àjọ ìjọba tó ń fi owó epo ṣe iṣẹ́ ìlú, wọ́n fún un ní pọ́n-ùn 17,000 kó lọ gba ìtọ́jú ní London. 12,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní kò nílò iṣẹ́ abẹ, ó bá dá 12,000 padà. Ìtàn yẹn ló dé etí Ààrẹ Ọbásanjọ́ kó tó fi í sípò ní NAFDAC. Wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ẹnu lásán: ó dáná sun ayédèrú oògùn ní gbangba, ọta ìbọn la gèlè rẹ̀ kọjá ní December 2003, kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Àwọn ọ̀gá ìsinsìnyí ti gbọ́ pé ìtàn ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á kó òṣìṣẹ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ní ọmọ ìyá ni gbogbo wa, tó bá dọ̀la wọ́n á fi íméèlì lé èèyàn. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọmọdé. Má ṣe irú ẹ̀, jọ̀ọ́.

Lọ jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń jẹun, má mú ìwé dání. Jẹ́ kí wọ́n sọ ti ọmọkùnrin náà tán. Ìgbà yẹn ni kí o wá wádìí. Bó bá jẹ́ òótọ́, wá a kàn, kí ẹ dá owó rẹ̀ padà, kí gbogbo wọn rí i. Ẹni tó bá tún wá sọ pé páálí kan bàjẹ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, kí kọ́bọ̀ má sì kúrò nínú owó rẹ̀. Ìwọ kọ́ lo máa sọ ìyẹn kiri. Awakọ̀ yẹn ló máa sọ ọ́.

Tí o bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, kọ́kọ́ béèrè orúkọ ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ awakọ̀ yẹn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ