Eyín Màmá Wa àti Àwọn Oògùn Tí Ń Mú Ẹ̀rù Fúyẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Jos, ní Bukuru àti ní gbogbo agbègbè rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó béèrè lọ́wọ́ wa ní ìpàdé tí ó kọjá pé báwo ni a ṣe rí Màmá wa mú lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà eyín, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ó ti ń fi apá òsì nìkan jẹun. Àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́rin tí a wà níhìn-ín jókòó, a sì pinnu pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a má bàa máa tún un sọ ní ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Màmá ti fún wa láyè. Ó ní kí a ṣá má kọ iye eyín tí ó kù sí òun lẹ́nu.

Ẹ̀rù dókítà eyín kì í ṣe ẹ̀rù ọmọdé nìkan. Nígbà tí Màmá wà ní ọmọdébìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, onígbàjámọ̀ kan ni ó yọ eyín rẹ̀ kan. Ọkùnrin méjì dì í mú, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bò ó lójú, kò sì sí oògùn kankan tí wọ́n fi sí i. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ bí ó bá gbọ́ tí irin ró nínú abọ́, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n. A bẹ̀ ẹ́, a fi àwọn ọmọ-ọmọ bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Omi iyọ̀ gbígbóná ni ó fi ń yọ́ ẹnu, kànáfùrù ni ó ń tẹ̀ sínú ihò eyín náà. Kànáfùrù a máa mú ìrora rọlẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè wo ohun tí ó ti bàjẹ́ ní ìdí eyín sàn.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, a jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ sì gbóná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọyún tí ó bá ti ìdí eyín bọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n lè wú títí yóò fi dí ọ̀nà ọ̀fun, tí ènìyàn kò fi ní í lè mí mọ́. Ó ń pa ènìyàn. Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ọrùn rẹ̀ wú, tí kò lè la ẹnu dáadáa, tí kò lè gbé itọ́ mì, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní kí a gbé Màmá sínú mọ́tò kí ó máa lọ sílé, nítorí pé bí ohunkóhun bá máa ṣẹlẹ̀, ilé ni kí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lókè Ọya mọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Kò sí ìdílé tí kì í ti í wáyé. Ìyàwó rẹ̀ ni ó dá a lóhùn pé, "Baálé mi, ọ̀nà jìn, eyín kò sì mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni à ń lọ." Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Dókítà eyín tí a bá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ọmọ ilẹ̀ yìí. "Sannu, Màmá," ni ó kọ́kọ́ sọ, Màmá sì dá a lóhùn pẹ̀lú èdè Hausa tí ó fi ta aṣọ ní ọjà Terminus kí iná tó jó ọjà náà ní ọdún 2002. Kò mú irin kankan dání. Ó béèrè ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, ó sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní wíwú náà kò tíì dé ọrùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ga ju ohun tí ó yẹ lọ. Ó ní òun kò ní í yọ eyín lọ́jọ́ náà. Ó fún un ní oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, ó ní kí a mú un padà wá lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó sì kọ ìwé sí dókítà tí ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà ni ó wá pè wá jókòó, ó ní ọ̀nà tí a lè gbà ran aláìsàn tí ẹ̀rù ń bà lọ́wọ́ ju ẹyọ kan lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni abẹ́rẹ́ tí a ń gún sí èrìgì, tí ibẹ̀ yóò fi kú tipiri. Èyí kì í kunni lóorun. A ó mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan, ṣùgbọ́n a kò ní í mọ ìrora rẹ̀. Ará Sweden kan, Nils Löfgren, ni ó ṣe oògùn inú abẹ́rẹ́ tí a mọ̀ jùlọ, lidocaine, ní ọdún 1943. Bí abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá ń dẹ́rù bà yín, oògùn fífi pa wà tí wọ́n lè kọ́kọ́ fi sí èrìgì kí ẹ má bàa mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Ohun yòówù tí a bá sì lò kún un láti lé ẹ̀rù lọ, a ṣì ní láti gún abẹ́rẹ́ yìí, àfi bí a bá kunni lóorun pátápátá.

Gáàsì apanilẹ́rìn-ín ni èkejì, ìtàn rẹ̀ sì wù wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, dókítà eyín kan ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, Horace Wells, lọ wo eré kan níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn ènìyàn ní gáàsì yìí fà símú kí wọ́n lè máa rẹ́rìn-ín. Ó rí ọkùnrin kan tí ó fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tí kò sì mọ̀. Ní ọjọ́ kejì, Wells fa gáàsì náà símú, ó sì ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ eyín òun fúnra òun. Ó yọ ọ́, kò dun ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ fi hàn ní Boston ní ọdún 1845, aláìsàn náà pariwo, àwọn ènìyàn sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Lóde òní, wọ́n máa ń da gáàsì náà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, a ó sì máa fà á láti inú ohun tí a dé sí imú. Ènìyàn kì í sùn. Ara rẹ̀ a kàn fúyẹ́ ni. Bí wọ́n bá dáwọ́ rẹ̀ dúró, tí wọ́n fún un ní ọ́síjìn nìkan, kò ní í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Ó dára fún ọmọdé púpọ̀, bí imú rẹ̀ kò bá dí. Ibi tí a lọ kò ní i, kì í sì í ṣe ibẹ̀ nìkan.

Ìkẹta ni oògùn oníhóró, bíi diazepam, tí a ń lò ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú. Ní ti àgbàlagbà, díẹ̀ ni wọ́n ń fún un, nítorí ó máa ń pẹ́ lára wọn. Níhìn-ín ni a fẹ́ ti dá yín dúró díẹ̀. Ẹ má ṣe lọ rà á fúnra yín lọ́wọ́ kẹ́mísì, ẹ má ṣe lò ó pẹ̀lú ọtí, tàbí pẹ̀lú tramadol àti omi ikọ́ oní-codeine tí ìjọba ti fòfin dè láti ọdún 2018, èyí tí àwọn ọmọ wa kan ṣì ń rí rà. Bí wọ́n bá pàdé nínú ara, èémí lè dúró. Agbo tí ẹ ń mu nílé, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Kò ní í bínú.

Ìkẹrin ni oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan ọwọ́, midazolam. Ènìyàn a máa tòògbé, a sì máa dáhùn bí wọ́n bá pè é, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà kò ní í rántí nǹkan kan lẹ́yìn náà. Èyí gba ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀rọ tí a fi há ìka láti mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ tó. Ní ti oorun ìjìkà tí kò sí ìmọ̀ kankan nínú rẹ̀, yàrá iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn ńlá nìkan ni ibi rẹ̀. Láti ìparí ọdún 2001 ni wọ́n ti fòfin de ṣíṣe é ní ibòmíràn fún eyín ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbọdọ̀ sí oúnjẹ nínú ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é fún, fún wákàtí mẹ́fà.

Àbúrò wa obìnrin fẹ́ kí wọ́n kun Màmá lóorun kí ó má bàa mọ nǹkan kan. Àwa yòókù ń ṣiyèméjì. Màmá ni ó fi òpin sí i. Ó ní, "Wọ́n ti di ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kàn mí." Ó mú oògùn oníhóró kékeré pẹ̀lú abẹ́rẹ́ èrìgì. Dókítà sì bá a ṣe àdéhùn kan tí a rò pé ó ṣiṣẹ́ ju oògùn náà lọ: bí ó bá ti na ọwọ́ òsì sókè, òun yóò dáwọ́ dúró, ohun yòówù tí òun ì bá máa ṣe.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wálẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó na ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, dókítà dúró lóòótọ́, ó fi irin sílẹ̀, ó sì dúró títí ó fi mí kanlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fẹ́ béèrè ni bóyá ó kù. Eyín méjì ti wà nínú abọ́ nígbà náà. Ó sùn títí di ìrọ̀lẹ́, ó jí, ó béèrè àmàlà, a fún un ní ẹ̀kọ tútù, ó sì bú wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fún ní oògùn oníhóró tàbí ti iṣan kò gbọdọ̀ dá lọ sílé, kò gbọdọ̀ wa mọ́tò tàbí kí ó gun ọ̀kadà, kò sì gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ìwé kankan títí di ọjọ́ kejì. Wọn kò ní í fún un ní oògùn náà rárá bí kò bá ní ẹni tí yóò mú un délé. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó dá gbé níhìn-ín, tí àwọn ará ilé yín wà ní ọ̀nà jíjìn. Màmá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá bá òun lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú, òun yóò bá a lọ, òun yóò sì jókòó tì í. Ó ti mú ẹni méjì lọ báyìí.