Ilé tíì Glasgow: níbi tí obìnrin ti ń dá jókòó, tẹ́nì kan ò bi í léèrè ọkọ

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Bí obìnrin bá dá wọ ilé oúnjẹ lọ́dọ̀ wa, tó ń jẹun ẹ̀ jẹ́jẹ́, ojú tí wọ́n máa fi wò ó kì í ṣe ojú ire. Àwọn kan á ní ọkọ ló lé e jáde, àwọn mí-ìn á ní ẹni tó ń dúró dè ló já a kulẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tíì lásán ló wá mu o!

Nílùú Glasgow, ní Scotland, bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí láyé ọjọ́un. Ilé ọtí ló kún ìgboro, àwọn ọkùnrin ló sì ni ín. Obìnrin tó bá wá rajà, tẹ́sẹ̀ ń ro, níbo ló fẹ́ jókòó sí tí ò ní dọ̀rọ̀? Ní 1875, Stuart Cranston tó ń ta ewé tíì gbé tábìlì sínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, káwọn oníbàárà lè máa fara balẹ̀ mu tíì. Àbúrò ẹ̀ obìnrin, Kate, rí i pé owó wà ńbẹ̀, lòun náà bá ṣí tiẹ̀ ní 1878. Nígbà tó yá, ó relé ọkọ, síbẹ̀ "Miss Cranston" laráyé ń pè é títí.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ilé tíì ẹ̀ ni Willow, tó ṣí ní 1903, ní ojúlé 217, Sauchiehall Street. Charles Rennie Mackintosh, ayàwòrán ilé, ló ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, pẹ̀lú Margaret ìyàwó ẹ̀. Ẹni tó bá gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé yàrá Salon de Luxe á kọ́kọ́ dúró ná: àga aláwọ̀ fàdákà tí ẹ̀yìn wọn ga ju orí èèyàn lọ, dígí lára ògiri, fèrèsé ńlá tó kọjú sí títì. Ní ti àwọn ọkùnrin tó fẹ́ fa sìgá, Kate fún wọn ní yàrá tiwọn lọ́tọ̀, kí èéfín má baà dà á rú.

"Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé" làwọn baba wa wí, àmọ́ Kate ò gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá dá wá, wọ́n á fún un ní tábìlì tiẹ̀. Wọ́n á gbé abọ́ alájà mẹ́ta dé: sáńwíìṣì nísàlẹ̀, scone pẹ̀lú jáàmù láàárín, kéèkì lókè. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Owó ẹ̀ kì í ṣe owó jíjẹ ojoojúmọ́, kẹ́nikẹ́ni má lọ tan ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa na ọwọ́ sí kéèkì ẹni, kò sí "fún mi díẹ̀ níbẹ̀". Èèyàn á wulẹ̀ rọra máa bu tíì, á máa wo àwọn tó ń sáré lọ ní títì.

Ọdún 1917 lọkọ Kate kú. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé ó ta ilé tíì ẹ̀. Òun náà kú ní 1934, kò bímọ, ó sì fi apá tó pọ̀ nínú ogún ẹ̀ sílẹ̀ fáwọn tálákà Glasgow. Willow di ara ṣọ́ọ̀bù aláṣọ fọ́dún gbọọrọ, kí wọ́n tó tún un ṣe, tó sì ṣí padà ní 2018. Ní 2020, Royal Bank of Scotland gbé àwòrán Kate sórí ogún pọ́n-ùn wọn. Nítorí náà, obìnrin tó bá mu tíì ẹ̀ tán, tó sì fẹ́ fi bébà owó náà sanwó, Kate fúnra ẹ̀ ló máa nà fún wọn.