Bí Kóòṣì Bá Lọ Kí Àṣekágbá Tó Dé

Ní Darkuman tí mò ń gbé ní Accra, ọ̀rọ̀ Hearts of Oak kì í tán lẹ́nu ará àdúgbò. Láti 1911 ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ti wà nílùú wa, àwa Yorùbá tí a ń bá wọn gbé ibẹ̀ sì ti sọ ọ́ di tiwa. Nínú oṣù Kẹta 2021, Hearts lọ mú kóòṣì Samuel Boadu wá láti ọ̀dọ̀ Medeama, ẹgbẹ́ ìlú Tarkwa. Sáà líìgì ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, Boadu ti bá Hearts gba líìgì tí wọn kò fojú kàn láti 2009, ó sì fi ife FA lé e.

Ayọ̀ yẹn tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú àwọn ọmọ Medeama wo ọ̀rọ̀ náà. Kóòṣì yan agbábọ́ọ̀lù, ó kọ́ ọ níbi tó máa dúró sí àti ìgbà tó máa sáré, ó mọ ẹsẹ̀ tó gbójú lé àti èyí tí kò dá a lójú. Ọjọ́ kan lọmọ náà wá gbọ́ pé ẹni tó mọ gbogbo àṣírí òun ti wà lọ́dọ̀ alátakò. Ọ̀dàlẹ̀ ni a sábà máa ń pe irú kóòṣì bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá di oṣù Kẹsàn-án 2022, tí sáà tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ìdíje Confederation Cup ti Áfíríkà sì wà níwájú, Hearts fòpin sí iṣẹ́ Boadu. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe Hearts ní ọ̀dàlẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá lọ, ó dalẹ̀. Bí ọ̀gá bá lé e, wọ́n á ní ètò ni. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ọdọọdún. Àwọn yunifásítì wọn ń gba bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, àwọn tó bá ṣe dáadáa sì máa ń gba eré ńlá kan ní ìparí ọdún tí wọ́n ń pè ní bowl. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 2021, kóòṣì Lincoln Riley fi yunifásítì Oklahoma sílẹ̀ lọ sí USC. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, Brian Kelly fi Notre Dame sílẹ̀ lọ sí LSU. Bob Stoops, tó ti fẹ̀yìn tì, ni Oklahoma ké sí kó wá darí wọn nínú Alamo Bowl, ó sì bá wọn borí Oregon. Ní 2025, LSU yìí kan náà tún gba Lane Kiffin lọ́wọ́ Ole Miss nígbà tí ìdíje àṣekágbá ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìwà burúkú nìkan ló ń fà á. Oṣù Kejìlá ni àwọn ọmọ ilé-ìwé girama máa ń fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú yunifásítì tí wọ́n yàn. Yunifásítì tó bá fẹ́ kóòṣì tuntun ń fẹ́ kó ti dé kí àwọn ọmọ náà tó fọwọ́ síwèé. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n tò bẹ́ẹ̀, kàlẹ́ńdà náà ló ń fi ọmọ ogún ọdún sílẹ̀ láìní olórí ní ọ̀sẹ̀ tó ti ń retí láti kékeré.

Ní tiwa, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Àwọn aláṣẹ wa ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ẹ rántí kóòṣì Shaibu Amodu. Ó ran Nàìjíríà lọ́wọ́ láti dé Ife Àgbáyé 2002. Ó kó wọn lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali lọ́dún náà, wọ́n ṣe ipò kẹta, wọ́n sì yọ ọ́. Baba Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Modákẹ́kẹ́, ni wọ́n ní kó kó ẹgbẹ́ lọ sí Kòríà àti Japan, ó sì ku oṣù díẹ̀ kí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Àmì ẹyọ kan ni Nàìjíríà gbà níbẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn náà, Amodu tún ṣe iṣẹ́ kan náà, Nàìjíríà tún yege fún Ife Àgbáyé 2010. Wọ́n lọ sí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Angola, wọ́n tún ṣe ipò kẹta, wọ́n tún yọ ọ́. Lars Lagerbäck láti Swídìn ló kó ẹgbẹ́ lọ sí South Africa, àmì ẹyọ kan náà ni wọ́n tún gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkùnrin kan la ọ̀nà Ife Àgbáyé fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, kò sì jókòó sórí àga kóòṣì níbẹ̀ rí. N kò mọ ìwà ìrẹ́jẹ tó ju èyí lọ nínú bọ́ọ̀lù wa.

Irú rẹ̀ ni Togo ṣe fún kóòṣì Stephen Keshi. Òun ló mú wọn dé Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ wọn, pẹ̀lú Emmanuel Adebayor, ọmọ tí àwọn òbí Yorùbá bí sí Lomé. Lẹ́yìn tí nǹkan kò rọgbọ nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Íjíbítì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, wọ́n lé e, wọ́n sì gba Otto Pfister. Àwọn àgbà ní Ghana mọ Pfister dáadáa, nítorí òun ló bá wọn gba ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ní 1991. Ní Jámánì, níbi Ife Àgbáyé náà, ìjà owó àjẹmọ́nú bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àjọ bọ́ọ̀lù Togo. Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n gba eré àkọ́kọ́, Pfister fi ibùdó sílẹ̀, ó sì tún padà kí wọ́n tó pàdé South Korea. Wọ́n pàdánù eré náà, wọ́n pàdánù méjì tó kù. Keshi kú nínú oṣù Kẹfà 2016, Amodu náà sì kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní Benin City kan náà.

Mi ò sọ pé kí kóòṣì má lọ láéláé. Otto Addo gba Black Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ghana, ní 2022 nígbà tó ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ní Borussia Dortmund. Ó bá wọn borí ìdènà Nàìjíríà ní Abuja, ó kó wọn lọ sí Qatar, ó sì kúrò lẹ́yìn eré Uruguay. Eré ti parí kó tó lọ. Ìyàtọ̀ tí mò ń wí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Darkuman ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ń kọ́ àwọn ọmọ Colts, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ní àdúgbò wa. Owó àpò rẹ̀ ló fi ń ra omi àti bọ́ọ̀lù fún wọn. Nígbà tí àṣekágbá wọn ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹ́ kan tó ga jù wọ́n lọ ránṣẹ́ sí i pé kó wá lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn á mú ẹlòmíràn. Ó lọ. Àwọn òbí bú u. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà mọ̀ pé mo ní ọmọ. Ta ló máa san owó ilé-ìwé wọn bí mo bá kọ̀?” Kò sí ẹni tó ti san kọ́bọ̀ fún un nínú gbogbo àwọn tó ń bú u. Ẹgbẹ́ tó pè é ni mo dá lẹ́bi, nítorí ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọn kò lè dúró dè é.

Agbábọ́ọ̀lù ní àkókò tí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ń ṣí àti ìgbà tó ń tì. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà fún kóòṣì ní Ghana àti ní Nàìjíríà: bí ẹgbẹ́ bá ti wọ ìpele tó kẹ́yìn nínú ìdíje, kí kóòṣì má lè lọ, kí wọ́n má sì lè lé e, àfi fún ìwà ọ̀daràn tàbí àìsàn. Àjọ bọ́ọ̀lù Ghana (GFA) àti ti Nàìjíríà (NFF) lè kọ ọ́ sínú òfin wọn. Ẹ̀yin olówó ẹgbẹ́, bí kóòṣì ẹlòmíràn bá wù yín, ẹ jẹ́ kó parí eré rẹ̀ kí ẹ tó ránṣẹ́ pè é. Ẹ̀yin òbí Darkuman ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká dá owó jọ fún kóòṣì tó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa báyìí.