Ìlú tí Ìtànná Gbà Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Ẹ̀gàn

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹsẹ̀ bá gbé yín dé ìlú Knoxville ní ìpínlẹ̀ Tennessee, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ gbìyànjú kí ó jẹ́ oṣù kẹrin ọdún. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní oṣù kìíní, òkè, odò, àti ọ̀pọ̀ igi tí kò ní ewé kan lórí ni ẹ ó bá, ẹ ó sì máa bi ara yín léèrè pé kí ni ẹ wá ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá di oṣù kẹrin, igi kan wà tí wọ́n ń pè ní dogwood, tí kì í ga púpọ̀, tí í máa ń dúró lábẹ́ àwọn igi ńláńlá bí ọmọ tí ó sá sábẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀. Igi yìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí tanná kí ewé rẹ̀ tó yọ tán. Òmíràn a funfun báláú, òmíràn a pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tí ń wakọ̀ lọ kò ní mọ ìgbà tí yóò dẹ ẹsẹ̀.

Àwọn obìnrin ni wọ́n sọ ọ́ di ohun àpéwò. Ní 1947, òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ John Gunther gbé ìwé kan jáde nípa ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Knoxville ni ìlú tí ó burẹ́wà jù nínú èyí tí òun rí ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà yóò ti dun onílé tó! Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ olùtọ́jú ọgbà kò fi èébú dá a lóhùn. Igi tí ó wà nílẹ̀ ni wọ́n gbájú mọ́. Ní 1955, wọ́n ṣètò ọ̀nà kan ní àdúgbò Sequoyah Hills tí àlejò lè gbà láti wo ìtànná dogwood. Nígbà tí ó di 1961, ọdún ìtànná gan-an bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà; ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kùn sójú títì ni àlejò ń tẹ̀ lé.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo dé sí ní 2022. Dogwood kan wà níwájú ilé wọn. Gbogbo àdúgbò ń tànná yòò, ṣùgbọ́n ewé nìkan ni ti wọn yọ. Àbúrò mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, igi yìí yàgàn ni. Baba àwọn ọmọ ti ní àwọn yóò gé e kí ọdún yìí tó parí.”

N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, ìbáà ṣe ènìyàn ni a sọ ọ́ sí, ìbáà ṣe igi. Mo mọ iye obìnrin tí a ti pè bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù ná. Ìyá arúgbó kan ń gbé ní ilé kejì, ẹni tí dogwood tirẹ̀ funfun bí aṣọ àlà. Òun ni a lọ pè.

Ó yí igi náà ká lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé, “Ìgbà wo ni ẹ máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀?” Àbúrò mi dáhùn pé ní oṣù kẹwàá ni, lọ́dọọdún, kí ó lè ṣe rẹ́gí. Ìyá náà mirí. Ó ṣàlàyé pé láti ìgbà ooru ni dogwood ti ń di ìrudi tí yóò là ní ọdún tí ń bọ̀. Ó fà wá lọ sídìí igi tirẹ̀, ó fi ọmọ ìrudi kékeré hàn wá ní ṣóńṣó ẹ̀ka, ó rí bí àlùbọ́sà wínníwínní. Ẹni tí ó bá gé ẹ̀ka ní oṣù kẹwàá, òdòdó ọdún tí ń bọ̀ ni ó gé dànù. Gẹ́rẹ́ tí ìtànná bá ti rẹ̀ ni kí a gé èyí tí a bá fẹ́ gé, ẹ̀ka tí ó ti kú ni kí a sì kọ́kọ́ mú.

Àṣìṣe yòókù, ìfẹ́ ni ó bí wọn. Wọ́n kó èèpo igi wẹ́wẹ́ jọ sídìí rẹ̀ bí ebè iṣu, ọ̀rinrin sì ń jẹ ẹ́ lára. Íǹṣì méjì tàbí mẹ́ta ti tó, kí ó sì jìnnà sí ara igi, nítorí pé gbòǹgbò dogwood kò jìn nílẹ̀, ó ń fẹ́ ìbòrí, kò fẹ́ ìsìnkú. Wọ́n ń da ajílẹ̀ òyìnbó ti koríko sí i. Irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa mú ewé pọ̀, òdòdó a sì dín. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko sì ti ṣá ìdí rẹ̀ lọ́gbẹ́. Ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò kan ń gbà wọlé, tí ìdin rẹ̀ yóò máa jẹ abẹ́ èèpo títí igi yóò fi gbẹ. Ìyá náà ní kí wọ́n hú koríko kúrò nídìí rẹ̀ pátápátá, kí ẹ̀rọ má bàa ní iṣẹ́ ṣe níbẹ̀ mọ́. Nígbà ọ̀dá, kí wọ́n bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí omi náà rọra wọ ilẹ̀.

Ibi tí ó dúró sí kò burú: oòrùn òwúrọ̀ ń tà á, ibòji igi ńlá sì ń bò ó ní ọ̀sán, gẹ́gẹ́ bí kòkó ti í ṣe lábẹ́ igi ní ọ̀nà Oǹdó.

Kì í ṣe gbogbo dogwood ni ìtọ́jú lè gbà là. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní anthracnose yọjú ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Irú ebu kan ni ó ń fà á, ó sì pa dogwood lọ bí ilẹ̀ bí ẹní nínú igbó tútù orí òkè, títí kan òkè Smoky tí kò jìnnà sí Knoxville. Ní igbó Catoctin ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí àwọn yòókù ti kú, àwọn onímọ̀ rí èyí tí àrùn náà kò lè pa. Yunifásítì Tennessee mú irú rẹ̀ jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ní Appalachian Spring. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún bá fẹ́ gbin dogwood tuntun, irú èyí ni kí ẹ bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu. Ewé funfun mẹ́rin tí a ń pè ní òdòdó dogwood, kì í ṣe òdòdó rárá. Òdòdó rẹ̀ gan-an ni èyí tí ó kóra jọ wẹ́rẹwẹ̀rẹ láàárín, tí kò wu ojú. Èso pupa ni yóò dà nígbà tí ewé bá ń wọ́. Oúnjẹ ẹyẹ ni, kì í ṣe ti ọmọ ènìyàn, kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò fẹ́ di í sínú àpótí wálé. Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Igi yìí gbọ́dọ̀ sun oorun òtútù kí ìrudi rẹ̀ tó lè jí, ọyẹ́ tiwa kò sì tó o. Kódà níbẹ̀, òtútù a tún máa padà wá nígbà tí ó bá ń tànná lọ́wọ́. “Òtútù dogwood” ni wọ́n ń pè é. Èmi tí mo ti di aṣọ òtútù mi sápótí, mo tún tú u jáde.

Baba àwọn ọmọ gbà pé àwọn yóò fi ọdún méjì sí i. Ní oṣù kẹrin 2024, àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ dúró lábẹ́ igi náà, ó nàka sókè. Òdòdó mọ́kànlélógún ni ọmọ náà kà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ní ó ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.