Ẹjọ́ Bachar Houli àti Òṣùwọ̀n Ìdájọ́

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni. Níbikíbi tí ènìyàn bá ti ń dá ẹjọ́ láàrin ẹni méjì, ì báà ṣe ààfin, ì báà ṣe orí pápá, ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ bóyá òdodo ń gbé ọkàn rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù tí a ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń gbá. Ti ilẹ̀ Ọsirélíà ni. Ènìyàn 18 ni ó máa ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń gbé e lọ́wọ́ sáré. Òfin gbà wọ́n láàyè láti di ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n sì fi èjìká gbá ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn kì í dé akoto. Nínú líìgì ńlá wọn, kò sí káàdì pupa bí irú èyí tí a mọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣe ẹlòmíràn léṣe, lẹ́yìn eré ni wọ́n máa ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ yẹ̀wò.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀ṣẹ̀ náà. Èkíní, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, àbí àìkíyèsára ni? Èkejì, ṣé orí ni ó bà, àbí ara? Ẹ̀kẹta, báwo ni ìkọlù náà ti le tó? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni yóò sọ bóyá owó ìtanràn ni yóò san, tàbí kí wọ́n dá a dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún wà. Létí, ètò yìí dára. Ibi tí wàhálà wà ni ọwọ́ tí ń di òṣùwọ̀n náà mú.

Orúkọ Mùsùlùmí kan ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Bachar Houli ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé rẹ̀ ti Lẹ́bánónì wá, ó ń kírun, ó ń gba ààwẹ̀, kò sì fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó gba ife-ẹ̀yẹ líìgì náà pẹ̀lú ẹgbẹ́ Richmond ní 2017, 2019 àti 2020. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ń bá Carlton gbá, Houli ju apá sẹ́yìn, apá náà sì bá Jed Lamb ní orí. Lamb ṣubú, ojú rẹ̀ ṣú, kò sì lè padà sínú eré mọ́.

Nígbà tí ẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀, àwọn tí ń gbèjà Houli mú ẹ̀rí wá pé ènìyàn rere ni. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ ìyìn Malcolm Turnbull wá, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ọsirélíà nígbà náà, àti ti Waleed Aly, gbajúmọ̀ oníròyìn tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí. Ìgbìmọ̀ wo ìwà rere yìí, wọ́n sì dá Houli dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 2. Ariwo sọ. Àwọn aláṣẹ líìgì fúnra wọn ní ìjìyà náà kéré jù, wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì sọ ọ́ di 4.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ síta: 4 náà ni ó tọ́. Orí Lamb kò fúyẹ́ nítorí pé olórí ìjọba mọ ẹni tí ó gbá a. Ṣé ẹ rántí obìnrin ìran Makhzum tí ó jalè ní ayé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a)? Ọmọ ilé ọlá ni. Àwọn ènìyàn rẹ̀ rán Usama ọmọ Zayd, ẹni tí Ànábì fẹ́ràn púpọ̀, pé kí ó bá wọn ṣìpẹ̀. Inú Ànábì kò dùn rárá. Ó fi yé wọn pé ohun tí ó pa àwọn ìjọ àtijọ́ run ni pé wọ́n ń fi olówó àti ọlọ́lá sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìyà jẹ aláìlágbára. Ó ní Fatima ọmọ òun gan-an kò lè bọ́ nínú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti ilẹ̀kùn àánú mọ́ Houli, ṣé a ti í mọ́ gbogbo ènìyàn? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 kan náà, nínú ẹgbẹ́ Richmond kan náà, Trent Cotchin tí í ṣe balógun wọn fi èjìká gbá Dylan Shiel nígbà tí ó kù ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n gbá àṣekágbá. Shiel kò lè bá eré náà lọ mọ́. Owó ìtanràn méjì ti wà lọ́rùn Cotchin lọ́dún náà; bí wọ́n bá tún dá a lẹ́bi, àṣekágbá yóò fò ó. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ni ó ń lé, wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì gbé ife sókè.

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Ní 2005, Barry Hall ti Sydney fi ẹ̀ṣẹ́ lu Matt Maguire nígbà tí àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní inú eré ni ó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ó gbá àṣekágbá, Sydney sì fi àmì 4 péré borí. Ní 2022, wọ́n dá Patrick Cripps dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 2. Ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ọ̀nà tí wọ́n gbà dá ẹjọ́ náà kò bá òfin mu, wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Brownlow ọdún náà. Ẹni tí wọ́n bá dá dúró kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àmì-ẹ̀yẹ yẹn nígbà náà. Ní 2024, ọwọ́ Isaac Heeney ba ojú ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ láìwẹ̀yìn. Wọ́n dá a dúró fún 1, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò ràn án lọ́wọ́, ọ̀nà Brownlow sì dí mọ́ ọn. Lọ́dún 2024 kan náà, wọ́n dá Charlie Cameron dúró fún 1 nítorí bí ó ti di ẹnì kan mú lulẹ̀. Ìgbìmọ̀ wo ìwé rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti gbá ju ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 200 lọ láìjẹ́ pé wọ́n dá a dúró rí, wọ́n sì fi orí jì í. Òótọ́ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ Houli wúwo ju ti Cameron lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá to àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn yóò béèrè pé: nígbà wo gan-an ni ìwà rere ń ṣìpẹ̀ fún ènìyàn, nígbà wo ni kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀sìn wa kò fi wá sínú òkùnkùn lórí èyí. Hádíìsì kan kọ́ wa pé kí a máa mójú kúrò nínú àṣìṣe àwọn ẹni rere, àfi ibi tí ìjìyà tí Ọlọ́hun là sílẹ̀ bá wà. Àánú ní àyè tirẹ̀, àyè náà sì ní ààlà. Ẹ̀tọ́ ẹni tí a ṣe léṣe kì í ṣe ohun tí adájọ́ lè fi ṣe ènìyàn lóore. Ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó lè yọ̀ǹda rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ èrò ọkàn. Nínú Súúrátù Nísáì, Ọlọ́hun ya ẹni tí ó ṣèèṣì pa ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Síbẹ̀, ẹni tí ó ṣèèṣì náà kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́: owó ẹ̀mí wà fún àwọn ará ilé òkú. Èyí já sí pé ẹ̀bi lọ́tọ̀, ẹ̀san ìpalára lọ́tọ̀. Àwọn adájọ́ bọ́ọ̀lù po méjèèjì pọ̀ sínú ìkòkò kan. Bí ẹni tí a gbá bá dìde gbọn ara nù, ìjìyà á kéré. Bí kò bá dìde, ìjìyà á pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ṣe.

Nǹkan tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, Brayden Maynard ti Collingwood fò sókè láti fi ọwọ́ dí bọ́ọ̀lù, ó sì já lé Angus Brayshaw lórí. Wọ́n ní kò jẹ̀bi, ó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife. Ní oṣù kejì 2024, Brayshaw fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pátápátá ní ọmọ ọdún 28, nítorí ohun tí àwọn dókítà rí nínú ọpọlọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àtúnṣe sí òfin lórí irú ìfò bẹ́ẹ̀. Òfin tuntun dára, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó dé.

Ẹ̀yin òbí, adájọ́ ni yín nínú ilé. Bí àkọ́bí bá fọ́ abọ́ tí a rẹ́rìn-ín, tí àbíkẹ́yìn fọ́ tirẹ̀ tí a na án, àwọn méjèèjì ti kọ́ ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ náà kì í sì í ṣe nípa abọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí a ń fi ṣe rẹfirí àti olórí ẹgbẹ́, ẹ wí òfin kí ẹ̀ṣẹ̀ tó dé. Ẹ gbọ́ ti ọ̀tún, ẹ gbọ́ ti òsì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ má sì ṣe wo ojú ọ̀rẹ́, ẹ má wo aṣọ, ẹ má tilẹ̀ wo pé Mùsùlùmí bíi tiwa ni. Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún wa láti dúró ti òdodo, kódà bí ó bá ta kò wá fúnra wa àti àwọn òbí wa.

Houli jìyà rẹ̀ tán, ó padà sí pápá, ó sì bá wọn gba ife lọ́dún náà gan-an. Ìjìyà tí ó tọ́ kò ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Kí Ọlọ́hun fi òdodo sí wa lọ́kàn nígbà tí a bá ń dá ẹjọ́, kí Ó sì fún wa ní sùúrù nígbà tí wọ́n bá ń dá tiwa. Àmín.