Lẹ́tà sí Ilé ní Ìbà: Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú Lẹ́yìn Tí Wọ́n Dín Fóltéèjì Processor Rẹ̀ Kù

Dídín fóltéèjì processor kù kì í ba processor fúnra rẹ̀ jẹ́. Ohun tó lè bàjẹ́ ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Iná tí processor ń jẹ máa ń já wálẹ̀ ju bí fóltéèjì ṣe já wálẹ̀ lọ: bí ó bá kúrò ní fóltì 1.25 wá sí 1.15, fóltéèjì fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún dín, ṣùgbọ́n iná fi nǹkan bí ìdá 15 dín, eré processor kò sì yí padà. Ooru á rọlẹ̀, ariwo fáànù á dín, bátìrì ínfátà á sì pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tó fi wu àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò, pàápàá láti Oṣù Kẹrin 2024 tí owó iná Band A fò dé 225 náírà fún yúníìtì kan.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Ìbà sí London, tí lẹ́tà yìí jẹ́ èsì sí, ní àmì kan tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà: ó lè ṣe géèmù fún wákàtí púpọ̀ láìsí wàhálà, kó wá kú nígbà tó jẹ́ pé orin nìkan ló ń kọ. Àmì yẹn gan-an ló ń tọ́ka sí fóltéèjì. Bí gbogbo core, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú processor, bá jọ ń ṣiṣẹ́, processor máa ń dẹwọ́ eré. Bí iṣẹ́ bá fúyẹ́, core kan ṣoṣo ni yóò sáré dé òpin agbára rẹ̀, eré yẹn ló sì ń béèrè fóltéèjì tó ga jù. Nítorí náà, àyẹ̀wò Cinebench lórí gbogbo core tí ẹ̀rọ náà yege nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí.

Kíkú kọ́ ló burú jù. Ní 2019, àwọn olùwádìí láti Birmingham, Graz àti Leuven fi iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Plundervolt hàn pé bí fóltéèjì àwọn processor Intel kan bá lọ sílẹ̀ dé ibì kan, ìṣirò lè jáde lódì, kí kọ̀ǹpútà má sì dúró rárá. Ẹ̀rọ tí ìwé owó ṣọ́ọ̀bù àti pírójẹ́ẹ̀tì LASU jọ wà nínú rẹ̀ kò yẹ kó wà ní ipò yẹn fún ọjọ́ kan.

Kí àbúrò tó ń lo kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì sórí dírááfù mìíràn, kó wọ BIOS, kó sì dá gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe ti iléeṣẹ́ wá. Bí kọ̀ǹpútà kò bá tilẹ̀ tàn dé BIOS, kó yọ wáyà iná, kó yọ bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 lára motherboard fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó sì dá a padà. Kí èyí tó wáyé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ lọ rà ní ọjà Alábà.

Bí ó bá ṣì ń kú, ọwọ́ fóltéèjì mọ́. Kí wọ́n rí i dájú pé XMP tàbí EXPO, ètò tó ń mú kí RAM sáré sí i, ti wà ní pípa, kí wọ́n fi MemTest86 yẹ RAM wò, lẹ́yìn náà kí wọ́n wo iná. Fóltì 230 ló yẹ kí iná ilé jẹ́, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lójú kan. Bí ẹ̀rọ bá ń kú kìkì nígbà tí NEPA bá lọ tí ínfátà sì gbà á, power supply tàbí ínfátà ló ni ẹjọ́. Ti Intel ìran 13 àti 14 tún yàtọ̀: ní 2024, Intel fúnra rẹ̀ sọ pé microcode ń béèrè fóltéèjì tó pọ̀ jù. Àtúnṣe 0x129 jáde ní Oṣù Kẹjọ, 0x12B tẹ̀ lé e ní Oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì fi ọdún méjì kún wáráńtì. Processor tó ti bàjẹ́ kò ní tipa àtúnṣe yẹn bọ̀ sípò.

Ṣùgbọ́n bí wàhálà bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí wọ́n dá ètò BIOS padà, a jẹ́ pé ìdínkù fóltéèjì náà ló pọ̀ jù. Lórí Ryzen, nọ́ńbà ìdínkù -30 fún gbogbo core ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi bẹ̀rẹ̀. -10 ló bọ́gbọ́n mu, kí wọ́n sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn core tó dára jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ kọsẹ̀, nítorí pé eré wọn ló ga jù. CoreCycler ń dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan; kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nínú Event Viewer, WHEA-Logger 18 máa ń kọ nọ́ńbà APIC ID èyí tó ṣàṣìṣe. Níbi tí core bá ti ní thread méjì, 0 àti 1 sábà jẹ́ ti core àkọ́kọ́, 2 àti 3 ti èkejì. Core yẹn nìkan ni kí wọ́n dá fóltéèjì padà fún. Kí wọ́n sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, torí ohun tó dúró ṣinṣin nínú òjò Oṣù Keje lè yẹ̀ nínú ooru Oṣù Kẹta.

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àtúnṣe BIOS, èyí tó ń gbé irú microcode tuntun bẹ́ẹ̀ wá, orí ínfátà tí kò níṣòro tàbí UPS nìkan ni kí wọ́n ti ṣe é, nítorí bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, motherboard lè má tan mọ́. Àtúnṣe náà sì sábà máa ń pa gbogbo ètò rẹ́, nítorí náà kí wọ́n kọ nọ́ńbà core kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.